Ọmọ Tí Fóònù Ní Kò Wá Sí Kíláàsì

                                                  Yàrá Kejì, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                                  Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé Àtijọ́.
                                                  Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ilé, ẹ kú àníyàn gbogbo wa. Báwo ni orúnkún yín, èyí tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí àwọn ti orí rédíò tó mọ̀? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá àwọn oníròyìn orí tẹlifíṣọ̀n jiyàn bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ wọn? Ọmọ-ọmọ yín tí eyín iwájú rẹ̀ bọ́ ńkọ́, ṣé òmíràn ti yọ? Mo lérò pé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà. Ní tèmi, mo ń mí, mo ń rìn, mo ń jẹun. Dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù. Mo ti dín ti inú oúnjẹ kù; ti ẹnu mi ni kò tíì ṣeé dín.

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín gbà. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló wà nínú rẹ̀: "Lọ bẹ ọ̀gá yẹn. Kíákíá." Ẹ wá fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pa pọ̀ tì í, bóyá kí n má baà gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní bẹ̀ ẹ́. Ìdí tí n kò fi ní bẹ̀ ẹ́ gùn díẹ̀, n kò sì lè kọ ọ́ sórí fóònù, nítorí pé fóònù wà nínú ẹjọ́ yìí, a kì í sì í lọ ro ẹjọ́ nílé ẹni tí a ń pè lẹ́jọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú bébà. Ẹ wọ gíláàsì yín, kí ẹ fara balẹ̀.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti fẹ̀yìntì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni wọ́n wá bá mi nílé pé kí n jọ̀ọ́ wá gba kíláàsì kẹfà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní òpópónà kejì sí tèmi. Olùkọ́ wọn lọ bímọ, àwọn ọmọ náà sì ní ìdánwò àṣekágbá níwájú, èyí tí yóò gbé wọn wọ ilé ìwé girama. Mo gbà. Mo rò pé ṣọ́ọ̀kì ni wọn yóò kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́. Fóònù ni.

Ẹni tó gbé e fún mi ni alábòójútó ètò ẹ̀rọ ilé ìwé náà. Ọ̀gbẹ́ni Ìlànà ni àwa olùkọ́ ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, bàtà rẹ̀ sì ń dán ju pátákó mi lọ. Kò sí gbólóhùn tó máa ń sọ tí kì í fi "ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà tó wà nílẹ̀" bẹ̀rẹ̀. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ tó ń béèrè kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà tó wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó jókòó tì mí ní iwájú kíláàsì, ó ní, "Bàbá, kíláàsì kì í ṣe yàrá mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ yín ni kíláàsì wà báyìí." Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo wo àwọn ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ń ju bébà lu ara wọn. Mo ní, "Ṣé kí n wá sọ fún àwọn wọ̀nyí pé wọn kò sí níbí?" Kò rẹ́rìn-ín. Bóyá ẹ̀rín kò sí nínú ìlànà.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ fóònù. Mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n dé ìwọ̀n kan. Orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà nínú àpótí kékeré kan lójú rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án, àpótí náà á di aláwọ̀ ewé: ọmọ ti wá. Ẹ fi í sílẹ̀, funfun ló máa wà. Ìràwọ̀ wà fún ọmọ tó bá ṣe dáadáa, àmì pupa sì wà fún ẹni tó bá ń bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí n kò fi nílò láti pariwo mọ́. Bí mo bá ti ki ọwọ́ bọ àpò, gbogbo yàrá á dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Nígbà mìíràn, áńkáṣíìfù mi ni mo fẹ́ mú. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí a ń pè ní Agbẹjọ́rò nítorí ẹnu rẹ̀. Ó nawọ́ sókè lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá Tíṣà, tí ṣájì bá tán nínú fóònù, ṣé ìwà wa náà ti tán nìyẹn?" Mo fún un ní ìràwọ̀ kan àti àmì pupa kan, mo ní kó lọ fi àwọn méjèèjì pẹjọ́.

Àwọn òbí náà wà nínú rẹ̀, nínú gúrúùpù kan. Bàbá kan tó jẹ́ káfíńtà ń fi àdúrà ránṣẹ́ lójoojúmọ́, àdúrà náà gùn tó pákó. Ìyá kan ń wá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì sáà, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì. Ó ti bi gbogbo wa léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí kò lè kàwé, ohùn mi ni mo ń gbà sílẹ̀ fún, wọ́n ń gbọ́ bí ọmọ wọn ṣe ń ṣe sí láì bẹ ẹnikẹ́ni kó bá wọn kà á. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ kan kán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ya àwòrán pátákó ránṣẹ́ sí i lórí ibùsùn, tí òun náà ń ya iṣẹ́ rẹ̀ padà sí mi. Kò pàdánù ìṣirò ẹyọ kan. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àbúrò yín arúgbó ló ń bá ẹ̀rọ jà, ẹ sọ fún un pé irọ́ ni. Èmi àti ẹ̀rọ kò ní ìjà. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ lé ọmọ ènìyàn lórí ni mò ń bá jà.

Ọmọ náà nìyí. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún méjìlá, Afẹ́fẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé sísáré ló máa ń sáré wọlé. Ìyá rẹ̀ ń tún ilé ìwòsàn ńlá ṣe lóru. Bàbá wọn lọ ṣiṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Afẹ́fẹ́ ní àbúrò kan, ọmọ oṣù mẹ́jọ, òun ló sì ń dì í mú títí ìyá wọn yóò fi dé ní aago méje ààbọ̀, nígbà mìíràn kó lé díẹ̀ sí i. Bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á gbé ọmọ fún un lẹ́nu ọ̀nà, á gbé báàgì, ó di eré. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń dé ọ̀dọ̀ mi, tí àyà rẹ̀ ń lu kìkì. Kó tó mí tán, ó ti ń ṣe ìṣirò orí pátákó. Ìdá lórí ìdá, bó ṣe wù kó díjú tó, á tú u bí ẹni tú irun. Mo ti kọ́ ọmọ fún ọdún márùndínlógójì, ẹ̀yin náà sì mọ̀ mí, n kì í yin ọmọ lásán.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín nìyí. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo wọṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti wọ̀ ọ́ ṣáájú mi bá mi níbi tí mo ti ń fi tàdáwà pe rẹ́jísítà ní kùtùkùtù, ẹ sì gba kálàmù lọ́wọ́ mi. Ẹ ní, "Pẹ́ńsùlù ni wọ́n ń fi ṣe é láàárọ̀. Lẹ́yìn àkókò eré ni wọ́n tó ń fi tàdáwà tẹ̀ lé e. Ọmọ tí ọ̀nà rẹ̀ jìn kò gbọdọ̀ jẹ ìyà ọ̀nà kó tún wá jẹ ìyà ìwé." Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é títí mo fi fẹ̀yìntì. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ṣe é lórí fóònù. Láàárọ̀, mo fi àpótí Afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní funfun. Lẹ́yìn àkókò eré, mo jókòó, mo fọwọ́ kan án, ó di aláwọ̀ ewé, inú mi sì dùn. Ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò mọ̀ pé aago mẹ́jọ géérégé ni fóònù ń ti etí rẹ̀. Ohun tí mo bá sọ fún un lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti òun nìkan la jọ gbọ́ ọ. Àpótí náà á di aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì, funfun ló wà. Kò sí àyè fún "ó pẹ́ dé" nínú rẹ̀ rárá. Ó jọ pé ẹni tó ṣe é kò pẹ́ dé ibì kankan rí. Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún ló wá fi ìlà kékeré kan hàn mí nísàlẹ̀, tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, tí wọ́n kọ sí i pé, "Kò lọ." Gíláàsì tèmi, ìwé ni wọ́n fi ń kà, wọn kì í fi í ka ẹsẹ̀ èèrà.

Kí ni kò jẹ́ kí a tètè mọ̀? Fóònù náà ń ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ ní gbogbo àárọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kò wá sílé ìwé. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti nulẹ̀ ilé ìwòsàn láti alẹ́ dé òwúrọ̀, oorun ló ń sùn ní aago mẹ́jọ. Ọjọ́ tó wá jókòó ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà pọ̀, ó wá bá mi ní kíláàsì lọ́sàn-án, pẹ̀lú ọmọ léjìká, ojú rẹ̀ pupa. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá Tíṣà, mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń ránṣẹ́ pé mo ti jẹ ẹ̀bùn ni. Fóònù ní ọmọ mi kò wá sílé ìwé. Ìwé rẹ̀ ní ojoojúmọ́ ló ń wá, tàdáwà pupa yín ló wà níbẹ̀. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí n nà?"

Mo ní kó má na ìkankan. Mo mú ọ̀nà ọ́fíìsì pọ̀n.

Ọ̀gbẹ́ni Ìlànà kò gbójú sókè. Ó yí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ sí mi, ó ní kí n wò ó. Nínú àádọ́ta ọjọ́ tí a ti lò ní sáà, ọjọ́ mẹ́ta péré ni Afẹ́fẹ́ wá, ìyẹn ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ gba ìsinmi. Ọmọ tí kò bá sì wá tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjọ́ sáà kò lè jókòó ṣe ìdánwò. Ó ní òun ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Mo ní, "Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Lẹ́yìn àkókò eré ni mò ń pè é. Ọmọ náà kò pa ilé ìwé jẹ lọ́jọ́ kan."

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. Ó ti ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ ṣe mí lóore. Ó ní, "Bàbá, ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà tó wà nílẹ̀, kíláàsì yín ló ń ṣe dáadáa jù lórí ẹ̀rọ yìí. Ìwé ìyìn ń bọ̀ láti òkè, orúkọ yín ló máa wà lórí rẹ̀. Tí ẹ bá wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta lẹ fi rú ìlànà, irú ojú wo ni wọ́n máa fi wo gbogbo wa? Ọmọ kan péré ni. Ó máa ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ kàn fi àtàǹpàkò yín lé orúkọ àwọn tó kù."

"Tí n kò bá fi lé e ńkọ́?"

"Ẹ kò ní lè ṣiṣẹ́ níbí mọ́, Bàbá."

Mo ní, "Ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìntì nígbà kan rí. Mo mọ ọ̀nà ilé."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn mí jù. Kì í ṣe fóònù. Láti ọ́fíìsì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ; mo ti kà á. Fún ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta, àpótí funfun kan wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀, kò sì fìgbà kan dìde wá béèrè pé, "Bàbá, ọmọ yìí dà?" Àṣìṣe tèmi, àṣìṣe ẹni tó wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ ni. Tirẹ̀ ńkọ́?

Mo pe Afẹ́fẹ́ sẹ́yìn kíláàsì, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ṣé mo wà ní kíláàsì àbí n kò sí?" Mo ní, "O wà." Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n parí ìṣirò mi." Mo tún lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kí n tó kúrò nílé ìwé lọ́jọ́ náà, mo gba ohùn mi sílẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo òbí nínú gúrúùpù. Mo sọ pé èmi, àgbà olùkọ́, ni mo lo fóònù bíi rẹ́jísítà àtijọ́, ọmọ kan sì ń jìyà rẹ̀, n kò sì ní fi àtàǹpàkò mi sí irọ́. Káfíńtà ni ó kọ́kọ́ dáhùn. Kò gbàdúrà lọ́jọ́ náà. Ó kọ ọ́ pé, "Bàbá, a wà lẹ́yìn yín." Ìyá oníbọ̀sẹ̀ béèrè bóyá ìbọ̀sẹ̀ náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn yẹn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri títí tó fi dé etí yín, tí ẹ fi rò pé orí mi ti dàrú.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó gbogbo ìwé iṣẹ́ Afẹ́fẹ́ lọ sórí tábìlì ọ̀gá àgbà ilé ìwé. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìṣirò òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti àmì pupa tèmi, ọjọ́ kan kò fò. Ọ̀gbẹ́ni Ìlànà ní ìwé iṣẹ́ kò sí lára ohun tí ìlànà mọ̀ sí ẹ̀rí. Ọ̀gá àgbà ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn, ó ṣí wọn títí dé ìparí. Ó kó wọn sínú báàgì rẹ̀. Mo padà sí kíláàsì, n kò mọ ibi tí mo dúró.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọjọ́ pé. Aago méjìlá ọ̀sán ni orúkọ gbogbo kíláàsì gbọ́dọ̀ ti kọjá sí ọ́fíìsì ìdánwò lórí ẹ̀rọ. Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ní kí n wá. Ọ̀gá àgbà jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Ìlànà dúró tì í pẹ̀lú fóònù mi lọ́wọ́. Ọgbọ̀n orúkọ ló wà lójú rẹ̀. Fóònù náà kì í gba ti ẹlòmíràn. Àtàǹpàkò olùkọ́ kíláàsì nìkan ló ń gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí màgòmágó má baà wọ̀ ọ́.

Ó na fóònù sí mi. "Bàbá, ẹ kàn gbé e lé e."

Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò.

"Bàbá, ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà tó wà nílẹ̀, ẹ yá wa ní àtàǹpàkò yín fún ìṣẹ́jú àáyá kan."

Mo ní, "Àtàǹpàkò mi ti fẹ̀yìntì. Ìyókù ara mi ló padà wá ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá àgbà fi ìwé kan bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Ìlànà kò ṣeré. Ó tọ́ka sí aago ara ògiri, ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí ọgbọ̀n ọmọ pàdánù ìdánwò nítorí ẹyọ kan?"

N kò ní tan yín, ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ ló ti mú mi. Mo rántí Agbẹjọ́rò. Mo rántí ọmọ tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dùbúlẹ̀ tó ń ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Kí ni wọ́n ṣe? Àtàǹpàkò mi ń làágùn nínú àpò. Mo ní ẹni tó ní kí a ju ọmọ kan nù kí ìyókù tó kọjá ni kí wọ́n bi ní ìbéèrè yẹn, kì í ṣe èmi. Ohùn mi le ju àyà mi lọ. Aago lọ sí ìṣẹ́jú márùndínlógún kó lù méjìlá.

Ọ̀gá àgbà ló wá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Aago mélòó ni ọ́fíìsì ìdánwò ń tì?"

Ọ̀gbẹ́ni Ìlànà ní, "Aago méjìlá lórí ẹ̀rọ, mà."

"Tí ènìyàn bá fẹsẹ̀ rìn lọ ńkọ́?"

"Aago mẹ́rin, mà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ mọ́."

Ó ní, "Mo ní ẹsẹ̀."

Ó fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, ó mú bébà ńlá kan jáde, èyí tó ní ìlà, ó sì yọ kálàmù. Ó ní, "Bàbá, ẹ pe orúkọ wọn fún mi." N kò wo ibì kankan. Mo pè wọ́n láti orí wá, bí wọ́n ṣe jókòó, láti ojú fèrèsé dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo dé ìkọkàndínlógún, ti Afẹ́fẹ́, mo wo ojú ọ̀gá àgbà. Ó ní, "Mò ń gbọ́ yín." Mo pè é, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ àti orúkọ bàbá rẹ̀. Ó kọ ọ́, kò gbójú sókè. Ọ̀gbẹ́ni Ìlànà bẹ̀rẹ̀, "Mà, ní ìbámu pẹ̀lú..." Ọ̀gá àgbà ní, "Ẹ bá mi mú òǹtẹ̀ yẹn wá." Ó sì mú un wá.

Aago mẹ́ta kọjá ni ọ̀gá àgbà padà dé, eruku bo bàtà rẹ̀. Wọ́n gbà á. Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, mo fojú mi rí i.

Kì í ṣe pé mo borí. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo ṣí fóònù, kíláàsì mi ti pòórá nínú rẹ̀. Kò sí àpótí, kò sí ìràwọ̀, àwọn òbí pàápàá ti lọ. Ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ tẹ̀ lé e, ojú ewé méjì, tí ọ̀rọ̀ "ìlànà" wà nínú rẹ̀ nígbà mọ́kànlá. Wọ́n ní iṣẹ́ mi parí ní ìparí sáà. Wọ́n tún ní n kò gbọdọ̀ dé sàkáání gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́jọ́ ìdánwò, nítorí pé ẹni tó rú ìlànà ni mí. Mo dá wọn lóhùn lórí bébà, pẹ̀lú tàdáwà: "Òótọ́ ni. Mo pe rẹ́jísítà lẹ́yìn aago mẹ́jọ. Tí ẹ bá tún fún mi ní kíláàsì, n ó tún fi àyè sílẹ̀ de ọmọ tó ń bọ̀ lọ́nà." Mo sì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ títí di òní. Fóònù kò mọ̀ mí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mọ̀ mí, ṣọ́ọ̀kì náà sì ń kọ.

Ẹ wá ní kí n lọ bẹ ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tí mo ṣẹ̀ jẹ́ méjì, mo sì ti bẹ àwọn méjèèjì. Ẹni kẹta kò sí nínú ìwé mi. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú. Ẹ̀yin lẹ gba kálàmù lọ́wọ́ mi lọ́dún kìíní iṣẹ́ mi, ẹ kò lè wá fún mi padà báyìí kí ẹ ní kí n fi fọwọ́ sí irọ́.

Ohun kan ló kù, òun ló sì gbà mí lọ́kàn jù. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìdánwò. Aago mẹ́jọ géérégé ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, kò sì sí ẹni tó ń ṣí i fún ọmọ tó bá pẹ́, ọ̀gá àgbà pàápàá kò lè ṣí i. Ìyá Afẹ́fẹ́ bẹ ọ̀gá rẹ̀ nílé ìwòsàn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tètè kúrò lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ilẹ̀ kì í nu ara rẹ̀. Ó wá bá mi, ó jókòó, kò sunkún, ó kàn ń ka ìka ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá wákàtí kan tó sọnù. Mo bi í pé, "Ta ni wọ́n ní kó má dé gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́jọ́ Ajé?" Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá." Mo ní, "Ọwọ́ ta ló wá dilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

Lánàá ni mo lọ fi ara mi han àbúrò Afẹ́fẹ́. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀ bí ọ̀gá tó wá bẹ ilé ìwé wò. Ó gba gíláàsì mi, ó tọ́ ọ wò, ó dá a padà fún mi pẹ̀lú itọ́. Afẹ́fẹ́ dúró tì mí, ó ń darí mi: "Ọwọ́ òsì sábẹ́ rẹ̀, Bàbá Tíṣà. Rárá, òsì." Mo ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bá mi wí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ mọ òwe tí wọ́n ń pa nípa àgbà, ọjà àti orí ọmọ tuntun. N kò pa á fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń di orí náà mú ni mo ṣì ń kọ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni n ó ti dé ẹnu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ Ajé, kí ọmọbìnrin yẹn lè rìn lọ sílé ìwé, kó má sáré.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ ní mo ní kí wọ́n fi oníròyìn yẹn sílẹ̀, kò gbọ́ wọn. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ pa orúnkún yín fún mi. Tí ẹ bá fẹ́ bá mi wí nípa lẹ́tà yìí, ẹ pè mí nígbàkigbà tó bá wù yín, àyàfi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọwọ́ mi méjèèjì yóò kún.

                                                  Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
                                                  Bàbá Tíṣà.